Ẹ̀dínwó Lórí Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ìlera kọ̀wé sí wa pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò wa ló tutù jù lọ ní gbogbo agbègbè, mo rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Mo mọ àwọn ará àdúgbò wa. Èmi ni mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, èmi ni mò ń fún wọn ní nọ́ńbà, èmi náà ni wọ́n sì máa ń bú tí nọ́ńbà wọn bá pẹ́ kó tó kàn. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn bá tutù, kò tutù lójú tèmi rí.

Ṣùgbọ́n ìwé náà kò ṣàwàdà. Ó ní láti ìgbà tí dókítà wa kejì ti lọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń wálẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ wa, àti pé ńṣe ló ń wálẹ̀ sí i lóṣooṣù. Dókítà kejì yẹn sọ fún wa pé òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun lókè òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ṣì ń bá a tọ́jú ife tíì rẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa ro ọ̀rọ̀ náà síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n wá fura pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dókítà tó pọ̀ jù ló ń kó àìsàn bá aráàlú. Wọ́n ní àwọn á rán olùwádìí kan wá wo bí a ṣe ń ṣe é, kí àwọn ilé ìwòsàn yòókù lè fara wé wa.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní dókítà. Olùwádìí ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Dókítà kan ṣoṣo tó kù yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi. Nílé, Bọ̀dá ni mò ń pè é. Níbi iṣẹ́, Dókítà ni, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn aláìsàn rò pé a ti sọ ilé ìwòsàn di ilé bàbá wa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Kì í mutí, kì í fa sìgá, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tí èkejì rẹ̀ ti lọ ló ti ń wo aláìsàn tirẹ̀, tó ń wo ti èkejì mọ́ ọn, tó sì ń jẹun ọ̀sán lórí ìdúró, ọwọ́ kan á mú ṣíbí, ọwọ́ kejì á máa kọ̀wé. Gbogbo wa gbà pé bí a bá ń wá ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, òun ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Nọ́ọ̀sì wa ní àṣà kan. Má-mira là ń pè é, nítorí òun lọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń bá gbogbo aláìsàn sọ. Láràárọ̀, kó tó ṣí ilẹ̀kùn, á gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí yàrá Dókítà, á wé e mọ́ ọn lápá, á fi dán ẹ̀rọ wò. Ó ní ara Dókítà ni òṣùwọ̀n. Bí ẹ̀rọ bá sọ ohun tó yẹ nípa Dókítà, a jẹ́ pé a lè gbà á gbọ́ lórí ẹlòmíràn. Dókítà kejì kò tíì lọ jìnnà tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Dókítà ń ga. Má-mira wo ẹ̀rọ, ó wo Dókítà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ yìí ti darúgbó, sà. Ó ti fi mẹ́wàá lé tiyín."

Dókítà kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ. "Tó bá ti kan àwọn aláìsàn, ẹ máa bá wọn yọ mẹ́wàá kúrò. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fún wa ní tuntun."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dínwó. Kò pẹ́, mẹ́wàá di ogún, ogún di ọgbọ̀n. Iye tí ẹ̀rọ bá fi purọ́ mọ́ Dókítà láàárọ̀, iye yẹn náà là ń bá gbogbo aláìsàn yọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó fi máa di àádọ́ta, àwọn kan wà tó jẹ́ pé, ká ní ti ìwé wa ni, ó yẹ kí wọ́n ti wà ní mọ́ṣúárì. Tíṣà àgbà kan wà lára wọn tó wá bá mi jà lórí nọ́ńbà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ohùn rẹ̀ sì ròkè dáadáa. Ta ló ráyè ro ìyẹn? Àwọn èèyàn fẹ́ràn wa. Ẹni tí wọ́n bá kó oògùn lé lọ́wọ́ níbòmíì á gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, Má-mira á bá a yọ tirẹ̀, á sì máa fò fẹ̀rẹ̀ lọ sílé. Obìnrin kan dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ń súre fún mi, ó ní ilé ìwòsàn wa nìkan ló ṣì láàánú. Mo ṣe àmín, mo tún rọra gbéraga díẹ̀.

Àfi bí olùwádìí ṣe dé. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, báàgì méjì ló gbé wá. Ìbéèrè ló kún inú ọ̀kan, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun ló wà nínú èkejì, tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Irú èyí tí a ti ń tọrọ látọjọ́ yìí. Wọ́n ní ti ìwádìí ni, kì í ṣe ti aláìsàn.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún Dókítà. Kí Dókítà tó lè ráyè dáhùn pé òun ò ráyè, ó ní láti fi odindi yàrá èèyàn sílẹ̀ níta. Èmi ni wọ́n bú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, láti orí oókan títí dé márùn-ún, báwo ló ṣe ń rẹ̀ yín tó?"

"Kí ni márùn-ún dúró fún?"

"Pé ó ti rẹ èèyàn débi tí kò fi lè dáhùn ìbéèrè, sà."

"Ẹ kọ mẹ́rin."

Dókítà gba bíírò láti fọwọ́ sí i. Bíírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó he é, ó tún bọ́. Ó ní àwọn bíírò òde òní ń yọ̀ lọ́wọ́ jù. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní arúgbó ti dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ tẹ iwájú orí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe látọjọ́ mélòó kan. Dígí ojú rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi fún orí tó ń fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, olùwádìí bọ́ sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, ó gbé ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ fi wo àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn. Kò sẹ́ni tó dìde. Télọ̀ àdúgbò, bàbá kan tí kì í fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, na ọrùn wo ẹ̀rọ náà.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ṣé tiyín náà máa ń dín in?"

"Dín kí ni, bàbá?"

"Àádọ́ta tí nọ́ọ̀sì máa ń bá wa yọ ni mò ń wí."

Olùwádìí yíjú sí Má-mira. Má-mira kò fi ohunkóhun pa mọ́, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé wọ́n bi í. Ó ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: bí ẹ̀rọ ṣe darúgbó, bó ṣe ń fi apá Dókítà dán an wò láràárọ̀, bí iye tí à ń yọ ṣe ń pọ̀ sí i. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ọmọbìnrin yẹn ń yí padà. Ariwo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, àwọn kan ń pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀dínwó àwọn. Dókítà jáde síta, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"Ó tó. Ẹ fi tuntun yìí wo èmi lákọ̀ọ́kọ́, kí ọkàn gbogbo yín lè balẹ̀."

Wọ́n wé e mọ́ ọn lápá. Ẹ̀rọ kùn, ó fún, ó tú. Olùwádìí wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Àádọ́sàn-án, ó tún lé díẹ̀.

"Ẹ ò rí i!" Má-mira pàtẹ́wọ́. "Tiyín náà ti bàjẹ́! Àbí ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ti rà wọ́n?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Olùwádìí kò rẹ́rìn-ín. Ó wé ẹ̀rọ tuntun mọ́ apá ara rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ga. Ó wé e mọ́ tèmi: kò sí nǹkan kan. Ó wé e mọ́ ti Má-mira, bákan náà. Ó wá ní kí a gbé ẹ̀rọ arúgbó wa wá. Ohun tí tuntun sọ nípa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́lẹ́ ni ògbólógbòó náà sọ. Láti ìgbà tí a ti ń bú u pé òpùrọ́ ni, kò sẹ́ni tó ronú láti wé e mọ́ apá ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ yá. Apá Dókítà ni òṣùwọ̀n.

Bàbá tó bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi náà sọ nígbà kan pé orí lásán ló ń fọ́ òun, pé kí a jẹ́ kí òun sùn díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Mo rántí bíírò tó bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ti Dókítà rí báyẹn lóòótọ́, èló wá ni tèmi?"

Ẹ̀gbọ́n mi rọra ju apá ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó di bọ́tìnnì rẹ̀, ó kọjú sí mi.

"Ẹ pe ẹni tó kàn."

"Ẹ̀yin lẹ kàn, Bọ̀dá."

N kò pè é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Mo ya nọ́ńbà kan, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, mo tẹ̀ lé e. Ó jókòó sórí àga aláìsàn, ó sì ń wo àga tirẹ̀ tó ṣófo lódì kejì tábìlì.

"Mo ti jókòó," ó ní. "Ta ló máa wò mí?"

Olùwádìí ti ń pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ohùn ọ̀gá náà ròkè débi pé gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti gba ìdáhùn gbogbo ìbéèrè tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé àwọn lè rí dókítà tó máa dúró fún Dókítà, bí ó bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ tẹ́lẹ̀ pé ara òun kò ní yá. Ọmọbìnrin yẹn pa fóònù mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀.

Télọ̀ ní mọ́tò òun wà níta. Mo mú páálí kan, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé DÓKÍTÀ TI LỌ RÍ DÓKÍTÀ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. A fi Má-mira àti olùwádìí sílẹ̀ pé kí wọ́n máa pe gbogbo àwọn tí a ti fún ní ẹ̀dínwó padà. Obìnrin tó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má mira, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Ilé ìwòsàn ńlá wà ní òdì kejì ìlú. Ibẹ̀ kò gbẹsẹ̀, kò gbèrò. Ẹni tó ń fúnni ní nọ́ńbà níbẹ̀ wò mí bí mo ṣe máa ń wo àwọn èèyàn, mo fẹ́ bú u, mo wá rántí. A dúró títí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàárín àwọn aláìsàn, ó ń di ojú, ó ń la ojú, èmi sì ń wo ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà bóyá ó ti fẹ́ wọ́.

Nígbà tó kàn án, nọ́ọ̀sì kan tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ má fòyà, sà. Ẹ̀rọ wa yìí ti darúgbó, ó máa ń fi kún un. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ ogójì kúrò."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa.

"Nọ́ọ̀sì," ó rọra bi í, "apá ta lẹ fi ń dán an wò?"

"Apá dókítà wa ni, sà. Òun nìkan ló kù. Ara rẹ̀ le koko."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ bá a.

Wọ́n pẹ́ nínú yàrá yẹn. Níta, àwọn èèyàn ń kùn pé dókítà méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì pe ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi, ó ní ta ni wọ́n ń wò látàárọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìwé oògùn wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ dókítà yẹn. Kálukú wọn ló kọ ọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na tirẹ̀ sí mi. N kò lè kà á, nítorí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ti gbọ̀n láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Dókítà yẹn pe nọ́ńbà tó kàn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀nà àbájáde.

"Ká máa lọ," ó ní. "Wọ́n ń dúró dè mí lọ́hùn-ún."

Mo di apá rẹ̀ mú, mo sì fi agbára mú un jókòó.

"Bọ̀dá," mo ní, "ẹ má mira."