Ọgbà Tí Kì Í Rìn

Ewúrẹ́ karùn-ún kú ní àárọ̀ Ọjọ́rú, tòun ti yíyó.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Inú ìwé lásán ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ wà. Láti ìgbà tó ti ń rákò ni ilé ti ń pè é ní Jẹ́jẹ́, nítorí kì í rìn kí ilẹ̀ mọ̀, kì í sọ̀rọ̀ kí ará yàrá kejì gbọ́. Ó ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí, ìwà náà ò yí padà. Ó di géètì ọgbà mú, kò lè wọlé, kò sì lè padà sẹ́yìn. Ẹran náà nà gbalaja sábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, ikùn rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí tuntun. Ewé ṣì wà létè rẹ̀. Ọ̀dá ti sọ gbogbo koríko ìta di eruku, ṣùgbọ́n igi méjìlá tó wà nínú ọgbà náà tutù yọ̀yọ̀. Ebi kọ́ ló yẹ kó pa ẹran níbẹ̀.

Ọgbà náà kò tíì pé oṣù kan. Bàbá rẹ̀ ló ṣe é. Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, òun ló jó géètì ìdajì ilé tó wà ní òpópónà wọn, síbẹ̀ ilé tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn èèyàn a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Wẹ́dà, géètì ẹ wà nílé gbogbo ayé, tìrẹ ńkọ́? Ṣé àwọn ewúrẹ́ ẹ ló ń ṣọ́ ilé ni?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì gbàgbé.

Aránṣọ ni kò jẹ́ kó gbàgbé mọ́. Aránṣọ ni ìyàwó àbúrò Wẹ́dà tó ti kú. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ sì ni Jẹ́jẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òbúkọ wọlé, ó jẹ apá kan ẹ̀wù tí obìnrin kan fẹ́ wọ̀ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì. Aránṣọ gbé ẹ̀wù alápá kan náà jáde sí àárín ilé, ó ní, "Ọjọ́ tí gbogbo ewúrẹ́ yìí bá kú tán ni màá tó rímú mí nínú ilé yìí." Aládùúgbò gbọ́. Ojú ti Wẹ́dà. Kí ọ̀sẹ̀ ó tó parí, ó ti fi wáyà àti irin yí igi ẹlẹ́gùn-ún méjìlá ká lẹ́yìn ilé, ó kó ewúrẹ́ mẹ́rìnlá síbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ilé oúnjẹ ni mo kọ́ fún wọn," ló wí, ó ń fi ọwọ́ pa wáyà náà bí ẹni ń pa orí ọmọ. "Kò sí ẹni tó máa dà wọ́n kiri mọ́."

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, yọrí lójú fèrèsé. Ogójì ọdún ni ìyá náà fi da ewúrẹ́ kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó wo ọgbà náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ó dára. Ṣé ó máa ń rìn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà ti dé sí Ìyá. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, nítorí òun ni dídà ewúrẹ́ ti já lé lọ́wọ́, ọgbà yẹn ló sì dá a sílẹ̀ tó fi lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nísinsìnyí, Wẹ́dà dé ẹ̀yìn rẹ̀, gíláàsì iṣẹ́ ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó wo òkú ẹran náà títí. Ó yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn lọ.

"Ìyàwó wa, jáde wá."

Aránṣọ jáde, abẹ́rẹ́ mẹ́rin há sáàárín ètè rẹ̀.

"Kí lo fún wọn jẹ?"

Ó ń yọ abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Àwọn ta ni, Bàbá wa?"

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́, gbogbo ayé gbọ́. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, kí n má bá ẹ̀rọ rẹ nínú yàrá yẹn."

Jẹ́jẹ́ wojú bàbá rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ló wọ aṣọ rẹ̀. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, obìnrin tí kò ní ilé mìíràn. Aránṣọ kò sunkún, kò jà. Ó kàn fi abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún àyà aṣọ ara rẹ̀, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Wẹ́dà ránṣẹ́ pe Alápatà kó wá la inú ẹran náà, kí oníkálukú lè fojú rí májèlé. Alápatà fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Ewé ló kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, tútù, ó há pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò sá. Kò dà rárá. Ẹran tó sì yó tó bẹ́ẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, kò sí ọ̀rá kankan lára rẹ̀.

"Èmi tí mo ti ń pa ẹran láti kékeré," ni Alápatà wí, "mi ò rí irú èyí rí. Ẹran yìí yó, ebi ló sì pa á."

Wẹ́dà ní, "Ara ewé ni Aránṣọ wọ́n májèlé sí nìyẹn." Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Jẹ́jẹ́ wọ inú ọgbà. Ẹran mẹ́sàn-án tó kù kò sí lábẹ́ igi kankan. Gbogbo wọn há ara wọn mọ́ wáyà, wọ́n ń na ọrùn síta sí igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó wà lódìkejì ọ̀nà, tí ẹnu wọn ò lè dé láéláé. Irun ọrùn wọn lẹ̀ mọ́ wáyà, ibòmíràn tiẹ̀ ti bó. Igi tútù wà lẹ́yìn wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí i.

Ó já ewé inú ọgbà díẹ̀, ó kọjá sódìkejì, ó já ewé ìta díẹ̀. Ó kó méjèèjì lọ bá Ìyá Àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá fi ewé ìta sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó fi ti inú sẹ́nu, kò tíì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tó fi tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. "Ìwọ náà jẹ ẹ́."

Jẹ́jẹ́ jẹ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ fún pọ̀ lójijì bí ẹni jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, ahọ́n rẹ̀ gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

"Igi ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ̀gún tí wọ́n fún un, ewúrẹ́ ti mọ bí òun ṣe ń fi ètè yà á. Kí ló wá kù fún un? Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ láìsinmi, inú ewé ni yóò kó ìbínú rẹ̀ sí, ewé bẹ́ẹ̀ kì í sì í dà nínú ẹran. Ewúrẹ́ mọ̀. Tó bá wà lómìnira, á bu díẹ̀ níhìn-ín, á fo igi mẹ́ta, mẹ́rin, á tún bu díẹ̀ níwájú. Kò sí èyí tí mo jẹ́ kó pẹ́ níbi kan rí."

Ojú Jẹ́jẹ́ ṣú. "Ìyá, ẹ mọ̀ láti ọjọ́ yẹn?"

"Mo bi yín bóyá ọgbà náà ń rìn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi."

"Ẹsẹ̀ mi dà? Ìwọ lo lẹ́sẹ̀. Mo sì rò pé o lẹ́nu."

Ní ṣọ́ọ̀bù, iná iṣẹ́ ń ta pàràpàrà. Jẹ́jẹ́ dúró títí iná fi kú. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sínú láti ilé fò lọ. Ó kàn na ewé inú ọgbà síwájú, ti ìta wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Bàbá mi, ẹ jẹ eléyìí."

Wẹ́dà ṣí gíláàsì sókè. "Ewé tó pa ẹran? Ṣé o fẹ́ kí èmi náà kú ni?"

Jẹ́jẹ́ bu ìdajì, ó fi sẹ́nu ara rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò ó lójú. Kò wo bàbá rẹ̀ lójú bẹ́ẹ̀ rí. Irin bọ́ lọ́wọ́ Wẹ́dà. "Tu ú! Jẹ́jẹ́, tu ú!"

Ó gbé e mì. "Tó bá jẹ́ pé Aránṣọ wọ́n nǹkan sí i, a jọ máa mọ̀. Ewé tó ti bínú ni, Bàbá mi. Àwọn ewúrẹ́ ò jẹ́ kó sinmi, torí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ."

Wẹ́dà gba ìyókù, ó fi díẹ̀ sẹ́nu. Ojú rẹ̀ hunjọ. Ó gba ti ìta, ó jẹ ẹ́. Ó tún padà sí ti inú, bí ẹni tó ń wọn irin lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló jókòó lórí géètì onígéètì tó wà nílẹ̀.

"Èmi ni mo tì wọ́n mọ́ ọn," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti Jẹ́jẹ́ lọ.

Ó gba ilé lọ, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e. Aránṣọ ti fi aṣọ ìbora di ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fi okùn yí i ká. Wẹ́dà, àgbà ọkọ ilé, lóṣòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnu ya Jẹ́jẹ́, kò lè pa á dé. Bàbá rẹ̀ na ewé sí obìnrin náà, ó ní kó tọ́ ọ wò.

"Ẹ tún fẹ́ fi èmi náà ṣe ewúrẹ́?" Ṣùgbọ́n ó fi sẹ́nu. Ó tutọ́. "Ewé yìí ni ẹ torí ẹ̀ lé mi?"

"Òun ni. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Aránṣọ so okùn náà ní kókó. "Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹrù mi ṣì wà báyìí ná."

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, àdúgbò rí ohun tí wọn ò rí rí. Wẹ́dà fi pílíásì gé wáyà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta, ó gba ọ̀pá, ó tẹ̀ lé ewúrẹ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n sáré kọjá láàárín igi méjìlá náà, èyíkéyìí ò yà síbẹ̀. Ẹnìkan ní, "Wẹ́dà, géètì wá di ẹlẹ́sẹ̀ méjì?" Ìyá Àgbà ń ké láti ojú fèrèsé pé kó má jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nídìí igi kan, kó máa dà wọ́n síwájú.

Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ ṣì fún pọ̀ díẹ̀. Aránṣọ yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n jọ wo bàbá náà títí ó fi yí kọ́nà.

"Wá," ni Aránṣọ wí, "bá mi tú kókó yìí. Ó ti le jù fún ọwọ́ mi."