Àálè Ọrùn Ìgò

Láti ọjọ́ mẹ́wàá ni kòtò náà ti wà ní ìdí ọ̀pẹ, lẹ́yìnkùlé Ògúntádé ní Idigny, nílẹ̀ Kétu. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́ títí oṣù méjì yóò fi pé, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá yíjú, á bu erùpẹ̀ díẹ̀, bí ọmọdé tó ń jí ẹran mú nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí lọ́dún mọ́kàndínláàádọ́rin sẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ló fẹ́ sin ẹran ara rẹ̀ kan tó ṣì wà ní Kútọnu sí, bí wọ́n bá gbé e dé.

Jẹjẹrẹ ló mú kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pròsítátì. Wọ́n là á, wọ́n yọ kókó náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, orí sì bá a ṣe é. Àìsàn la lè wò, a ò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ọjọ́ tirẹ̀ kò tíì pé ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó là á, Dókítà Parfait tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn tọ́jú èérún kan nínú ẹran náà fún ìwádìí. Ògúntádé ní òun á rò ó. Àgbẹ̀ tó bá ní òun á rò ó, “rárá” ló ń fi ọ̀wọ̀ sọ.

Nítorí nílé tiwọn, odidi lèèyàn ń wá sáyé, odidi ló sì gbọ́dọ̀ padà. Nígbà tí àdá gé ọmọ ìka bàbá rẹ̀, ewé ni bàbá náà fi di ìka ọ̀hún, ó sì sin ín sí ìdí ọ̀pẹ yìí kan náà. Ta ni Ògúntádé tí yóò fi apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú àpótí yìnyín, láàárín àwọn tí kò mọ oríkì rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ohun tó ṣì ń rò, ó mú àálè dání lọ sọ́sibítù. Èérún ṣùkù àgbàdo, awẹ́ bàtà àlòkù, àkísà pupa, ó fi òwú dúdú so wọ́n pọ̀, irú èyí tí gbogbo àgbẹ̀ ń so mọ́ ìdì igi lóko kí olè lè mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín. Bí wọ́n ṣe ń tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó fi í lé dókítà lọ́wọ́ pé ọrùn ìgò ni kó so ó mọ́. Parfait, ọmọ Kútọnu tí kò sùn lóko rí, rò pé ọ̀nà tí àwọn ará Kétu ń gbà kọ orúkọ nìyẹn. Ó so ó.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀kadà zẹ̀míjàn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbá kúlà funfun kan mọ́ra bí abiyamọ, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Raïssa lorúkọ mi. Làbóò, yàrá ìwádìí tí ẹran ara yín wà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́.”

“Ọmọ Kútọnu náà ń kúnlẹ̀?”

“Ọmọ Okpomèta ni mí, Bàbá, nílẹ̀ Kétu níbí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Dìde, ọmọ mi.”

Ó jókòó sórí àpótí, ó wo ilẹ̀. “Bàbá, mo ṣí àpótí yìnyín pé kí n to àwọn ìgò, ni mo bá rí àálè. Ọdún márùn-ún ni mo lò ní yunifásítì, orí mi ni wọ́n kọ́ níbẹ̀. Wọn ò kọ́ ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi kò gbà láti kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yí i ká, kí n tó sọ fún Dókítà. Ó ní, ‘Háà, mo rò pé orúkọ rẹ̀ ni!’ Ó ní kí n gbé e wá. Tiyín ni. Bí ẹ bá ní ẹ máa gbà á, kí n fi sílẹ̀ fún yín, dákọ̀ọ̀, mo gbà.”

Ògúntádé rẹ́rìn-ín títí ó fi sáré fọwọ́ di abẹ́ mú, nítorí láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, ìtọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀rín dá jáde. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ yìí.

Raïssa ṣí kúlà, èéfín yìnyín sì tú sórí ilẹ̀. Ìgò náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ṣùkù, bàtà àti àkísà wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ti gan paali. Ògúntádé tẹjú mọ́ ọn. Òun nìyẹn, òun fúnra rẹ̀, nínú ìgò.

“Kí ẹ tó sin ín,” Raïssa wí, “ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín. Ọ̀rọ̀ àálè ni.”

Ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Òbìrípo kéékèèké ló wà lójú rẹ̀, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òmíràn funfun, òmíràn dúdú.

“Nínú èérún ara kọ̀ọ̀kan tí ojú ò lè rí, Bàbá, ìwé kan wà níbẹ̀ tí bàbá àti ìyá yín jọ kọ fún yín. Bí a bá fa ẹyọ kan ṣoṣo nà, á ga jù yín lọ.”

“Nínú èérún?”

“Nínú èérún. Ìwé kan náà ló wà lójú, òun ló wà lẹ́sẹ̀.”

“Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ mi kò fi ń ríran?”

Raïssa rẹ́rìn-ín. “Àálè ni! Ara fúnra rẹ̀ ló ń so ó mọ́ orí lẹ́tà, láti inú oyún. Lẹ́tà ò yí padà. Àmì yẹn kàn ń sọ pé: má ka ibí. Ibi tó dúdú yìí, àálè wà níbẹ̀. Àyè tí wọ́n lè so ó sí nínú ìwé kan lé ní ogún mílíọ̀nù.”

Ògúntádé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó ti fi so àálè láti kékeré, tó rò pé bàbá òun ló kọ́ òun! Àṣé kí bàbá tó bí i ni iṣẹ́ náà ti ń lọ nínú ọwọ́ ọ̀hún, láìsí òwú, láìsí ariwo. Orí rẹ̀ wú. Ẹ̀rù Ẹlẹ́dàá bà á, ẹ̀rù tó dùn.

“Jẹjẹrẹ wá ńkọ́?”

“Nínú jẹjẹrẹ, ara ṣi àálè so, Bàbá. Ẹ wo ìlà yìí. Ti ọkùnrin kan lókè òkun ni. Abala kan wà nínú ìwé náà tó dà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ara; ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyí, ó yẹ kó funfun. Ó ti dúdú látòkè délẹ̀.”

“Ọdẹ náà ti kú?”

“Kò kú. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí àálè lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó jókòó sílé.”

“Olè wá ń kó oko lọ!” Ògúntádé na ọwọ́ sókè. “Ìwà ọmọlúàbí ló pa á!”

Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò lè tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó kú. Gbogbo ilé ní ọ̀tá ló sà sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọdẹ kan ló jókòó sílé. Ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀, Cyriaque àti Túnjí, tí ìwé kan náà wà lára wọn.

“Ta ló lè tú u?”

“À ń wá a. Òògùn kan wà tó ń tú àálè, ṣùgbọ́n ó ń tú tibi tire pọ̀. A fẹ́ kọ́kọ́ mọ àwọn ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa ń ṣi so. Ti àwọn ará òkè òkun ni wọ́n kà jù. Ti àwa tó wà níbí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ àìsàn yìí ń mú àwọn ọkùnrin wa gan-an.” Ó wo kòtò, ó gbójú kúrò níbẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹni tó so àálè ló ń tú u. Mi ò wá fi ipá mú yín, Bàbá.”

Ògúntádé wo kòtò tó fi ìrora gbẹ́. Ó wo ìgò. Èéfín náà ti ń dín kù.

Ó gbá ìgò náà mú. Òtútù jó o níka, síbẹ̀ kò jẹ́ kí Raïssa ran òun lọ́wọ́. Ó fi eyín tú kókó òwú náà, ó yọ àálè kúrò, ó sì dá ìgò padà sínú yìnyín.

“Gbé e lọ,” ó wí. “Kí ọwọ́ rẹ má bẹ̀rù mọ́.” Ó fọwọ́ tẹ pápíyé, ìwé ìyọ̀ǹda tí Raïssa mú wá. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó sì pa kúlà dé.

Nígbà tí Ọláwùnmí, ìyàwó rẹ̀, ti ọjà Kétu dé nírọ̀lẹ́, ó bá a níbi tó ti ń fẹsẹ̀ da erùpẹ̀ bo ṣùkù, bàtà àti àkísà pupa.

“Bàbá Cyriaque, ẹran ara yín ńkọ́? Wọn ò gbé e wá ni?”

“Wọ́n gbé e wá.”

“Ó wá dà?”

Ògúntádé tẹ erùpẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa.

“Ó ti lọ síṣẹ́.”