Ife Tíì Kan ní Ọjọ́ Kẹta Ààwẹ̀

Kí n tún sọ pé ó ṣì gbóná. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti gbé ife náà padà wá sílé ìdáná bí ẹni tó fẹ́ kí ó tutù díẹ̀. Ta ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì láti ìgbà yìí? Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti sin ọkọ tirẹ̀, ó ti sin àbúrò méjì, kò sì fẹ́ sin ẹ̀kẹta. Ìdí nìyẹn tó fi gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́ láàárọ̀ yìí, tó jókòó ti ibùsùn ọkọ mi tó ń ṣàìsàn, tó ń wo ọwọ́ mi.

"Ìyàwó, mu díẹ̀ níbẹ̀ kí n rí i."

Kò jágbe mọ́ mi. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ohun tó tọ́ ló sì sọ, ta ni kò mọ̀? Ẹni tó bá gbé ohun mímu fún ènìyàn ni í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn ẹni tí yóò mu ún lè balẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé bàbá mi náà. Ká ní lánàá ni... rárá, lánàá náà kò ní ṣeé ṣe. Ọjọ́ kẹta rèé. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ láìjẹ láìmu, omi pàápàá kò kan ètè mi. Mo wólẹ̀ lọ́jọ́rú, mo ní, Olúwa, gbé Bàbá Olúyọmí dìde lórí ibùsùn yìí. Èmi náà kò ní fi ohunkóhun kan ẹnu títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀jẹ́ ni. Agogo mẹ́rin sì ti kọjá lọ́jọ́ Ẹtì náà. Ó ku wákàtí méjì péré. Ọ̀tá mọ ìgbà tó ń wọlé síni lára...

Kí n kúkú sọ fún un pé mo ń gbààwẹ̀. A ti kọ́ wa pé kí á má fi ààwẹ̀ han ènìyàn, kí á bọ́jú, kí á fi òróró kun orí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dí mi lẹ́nu, Ọlọ́run mọ̀. Mo mọ ohun tí yóò sọ. Yóò ní, àṣé ìgbà tí a ní kí ìyàwó tọ́ ọ wò ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà yóò sì dé Ọ̀kà kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ìyàwó Rufus kò lè mu nínú ohun tó sè fún ọkọ rẹ̀.

Òórùn tíì náà kò sì gbè mí. Olúyọmí, ọmọ mi, kí ló dé tí o kò fi tíì lásán ránṣẹ́? Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Íńdíà, ó rántí bàbá rẹ̀, ó fi ọ̀rá tíì kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ó dára. Ó tilẹ̀ ṣàlàyé lórí fóònù: "Mọ́mì, ẹ má kàn da omi gbígbóná lé e bíi tiwa o. Ẹ jẹ́ kó hó pọ̀ mọ́ mílíìkì, kí ẹ wá sẹ́ ẹ." Mo gbé e kaná. Ewé tíì dúdú, ata ilẹ̀ gbígbẹ, kànáfùrù, èèpo igi pupa kan tó ń ta sánsán, hóró aláwọ̀ ewé kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó hó, gbogbo ilé ń rùn bí ìkòkò àgbo. Kànáfùrù ni. Mo rí bí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ṣe ká imú. Èmi tí mo ti ń sọ fún wọn láti ọgbọ̀n ọdún pé a kì í mu àgbo nínú ilé yìí, àdúrà là ń gbà...

Ṣùgbọ́n ọkọ mi yí orí. Olúwa, O rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, ògì ṣáá ni, síbí mẹ́ta, ó ti pa ẹnu dé. Lónìí òórùn yẹn bá a lórí ibùsùn, ó yí orí sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Fún... mi." Ọ̀rọ̀ méjì. Inú mi dùn. Mo sẹ́ ẹ, mo fi síbí ṣúgà méjì rò ó, mo tún bu ẹ̀kẹta sí i nítorí pé ata ilẹ̀ ti pọ̀ jù —

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ata ilẹ̀ ti pọ̀ jù?

Ọwọ́ mi. Àtẹ́lẹwọ́ òsì mi. Mo kán an sí i, mo lá a, bí mo ṣe ń lá ọbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ga tó ẹnu ààrò. N kò tilẹ̀ rò ó. Ó ṣì wà lẹ́nu mi. Kànáfùrù ń ta mí ní ahọ́n, mílíìkì náà rọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó gbóná wọ àyà mi lọ... ó dùn. Olúwa, dárí jì mí, ó dùn. Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀kán kan.

Ọmọ ọba kan wà nínú Bíbélì tó fi orí ọ̀pá tọ́ oyin lá, lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ogun sábẹ́ ìbúra pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun. Òun náà kò mọ̀. Pásítọ̀ wa wàásù rẹ̀. Àwọn ènìyàn ló dìde gbà á lọ́wọ́ ikú, mo rántí ìyẹn. Èmi ńkọ́, ta ni yóò...

Ó dára. Ààwẹ̀ náà ti já. Bó bá ti já, kí ló kù? Kí n wọlé, kí n mu ún níṣojú Àǹtí, kí n fún ọkọ mi. Ó ti rọrùn. Ẹsẹ̀ mi kò gbéra. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi kò gbéra?

Jẹ́ kí n wò ó dáadáa. Ìgbà tí mo rántí pé mo ti lá a, ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn ẹ̀rù, nǹkan kan tú sílẹ̀ láyà mi. Ìtura ni. Ìtura kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí ibi tí màá gbé e lé. Bí agogo mẹ́fà bá lù tí kò bá dìde, màá sọ pé ẹ̀kán tíì yẹn ni. Màá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ó sàn ju kí ó máà...

Ó sàn ju kí ó máà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí Àǹtí náà gun ọ̀kadà wá wá nìyẹn. Ọwọ́ kan ló ń wá, ọwọ́ tó ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ mi. Èmi ń wá ẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ, tí a ti rí ojú rẹ̀, a sì ń wá nǹkan tí a lè dì mú.

Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ kí n tó wólẹ̀ lọ́jọ́rú. Bàbá Olúyọmí kò ní dìde mọ́.

Ojú tíì náà ti di awọ. Tíì ni ọkọ mi ní kí n fún òun. Kò ní kí n gbé òun dìde. Mo gbé ife náà, ẹsẹ̀ mi sì gbéra.