Ọta Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Garawa méjì ló wà lẹ́yìn ibi tí àwọn olówó ti ń yìnbọn ṣeré ní ẹ̀yìn ìlú Sharjah, ọ̀kan fún èèpo ọta pupa, ọ̀kan fún èèpo ọta yẹ́lò. Ó ti lé ní ọdún kan tí Abdulsalam ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, kò sì béèrè rí ìdí tí wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Lójú tiẹ̀, àṣejù ni. Àwọn tó ń ya ike omi sọ́tọ̀ kúrò lára bébà, kí ló kù tí wọn ò ní yà? Ọta tó bá ti dún ti dún, èèpo rẹ̀ ti di pàǹtírí nìyẹn.

Lọ́dọ̀ tiwọn ló ti di pàǹtírí o. Nílé àwọn Abdulsalam, lápá Òkè-Ògùn, ohun tí wọ́n ń tọ́jú ni. Bàbá rẹ̀, Àmúsà ọdẹ, ni gbogbo agbègbè mọ̀ sí ẹni tó ń kún èèpo ọta tó ti dún, tí yóò sì tún dún bíi tuntun. Nínú yàrá ni baba náà ti ń ṣe é, lórí ẹní, pẹ̀lú igi kékeré kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ àti abọ́ ẹ̀tù tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú iná sún mọ́. Ogójì ọdún ló ti fi ṣe é, kò sí ọ̀kan tó kọ̀ rí, kò sì sí èyí tó ṣe olówó rẹ̀ léṣe. Nígbà tí àwọn ajínigbé wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko wọn, tí àwọn ọdẹ abúlé márùn-ún pawọ́ pọ̀ láti máa ṣọ́ ọ̀nà, ọta tuntun di ọ̀wọ́n gógó. Baba ní kí òun ṣáà ti rí èèpo, ìyókù kù sọ́wọ́ òun. Ni Abdulsalam bá ń ṣa èèpo pupa jọ díẹ̀díẹ̀, ó ń kì í sínú bàtà tó ń fi ránṣẹ́ sílé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó fẹ́ ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọ́. Alhaja Hameedat, tó ń kó ẹrù láti Deira ní Dubai lọ sí Èkó, ti pè é lẹ́ẹ̀mejì pé kọ̀ńténà ti fẹ́ tì. Àpò èèpo kò kún, garawa pupa sì ti gbẹ. Abdulsalam wo garawa yẹ́lò, ó bu ìwọ̀n tó lè kún àpò, mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré. Ó rí i pé wọ́n kéré díẹ̀, kò kà á sí. Ọmọ ọdẹ ni, ó sì gbà pé kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ kọ́ òun nípa ọta. Kò rántí pé oríṣi kan ṣoṣo ló wà lábúlé wọn, òun náà ló mọ̀.

Rashid ló la ojú rẹ̀. Ará Pakistan ni Rashid, òun ló ń kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Ó rí Abdulsalam lọ́jọ́ Tuesday kan, lẹ́yìn oṣù méjì, tó ń da èèpo yẹ́lò sínú garawa pupa, ló bá gbá a lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n gbá ọmọdé kúrò nídìí iná. Ó ṣàlàyé pé ọta yẹ́lò kéré ju pupa lọ, ìbọn tirẹ̀ ló ní. Bí èèyàn bá ki í bọ ìbọn ńlá, yóò yọ̀ wọ inú ọ̀pá ìbọn lọ, yóò sì há síbẹ̀. Olówó ìbọn yóò wo ìdí ìbọn, kò ní rí nǹkan kan, yóò ki pupa tẹ̀ lé e. Tó bá wá yìn ín... Rashid kò parí rẹ̀. Ó kó ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ níwájú ojú ara rẹ̀, ó sì fọ́n wọn ká.

"Khalas," ó wí, ìyẹn ni pé ó parí lédè Lárúbáwá.

Ara Abdulsalam tutù nínú oòrùn yẹn. Bàbá rẹ̀ ló rí tó jókòó sórí ẹní, tó ń fi sùúrù kún ikú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó pe nọ́ńbà Asiat, àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́jú baba nílé, nọ́ńbà kò lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé wọn, orí òkè ló ti ń gbé dáadáa, nílé ó ń wá, ó ń lọ. Bí iṣẹ́ ti parí, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Deira, bóyá Ọlọ́run á ṣe é kí ẹrù má tíì dé.

Kó tó jókòó ni Alhaja ti fárígá. Ó rò pé ó wá bá òun jà lórí bàtà ni. "Abdulsalam, bàtà ẹ pé o. Ask your sister. It's now ten days tí wọ́n ti gbà á, I swear, bàtà kan ò dín." Abdulsalam ní òun ò wá jà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde. Ta ló fẹ́ sọ fún pé bàtà kọ́ ni wàhálà òun?

Orí pèpéle kan ní Al Rigga, níwájú ilé oúnjẹ kan, ló dúró sí tí ìpè fi wọlé. Asiat gbé fóònù fún baba, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Inú baba ń dùn. Ó ní òun ti kún gbogbo rẹ̀, òun sì ti fi èédú pa wọ́n láró kí wọ́n má baà máa tàn nínú igbó. Ọjọ́ Sunday ni àwọn ọdẹ abúlé márààrún wá, kálukú sì bu tirẹ̀ lọ. Ó ní òun rí i pé àwọn kan kéré, ó yé òun pé àwọn Lárúbáwá náà ti ń dín nǹkan kù bíi ti àwọn oníbúrẹ́dì, òun bá dín ẹ̀tù inú wọn kù díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Abdulsalam sọ fún un. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ.

"Mélòó ni?" ni baba béèrè.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bàbá."

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Kò sí."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Màá lọ gbà wọ́n."

Abdulsalam bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ lọ, nítorí orúnkún rẹ̀. Baba kọ̀. Ó ní òun á ránṣẹ́ ṣáájú pé kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kan ọta náà, ṣùgbọ́n òun tí òun kún wọn nìkan ni ọwọ́ òun lè mọ kékeré yàtọ̀ sí ńlá nínú dúdú yẹn. Ó wá béèrè bóyá kí òun dà wọ́n sódò tí òun bá ti gbà wọ́n. Abdulsalam ro ẹ̀tù tó wà nínú wọn, àti ojú tí wọ́n fi ń rí ẹ̀tù nílé. "Ẹ̀tù yẹn wọ́n, Bàbá," ó wí. "Ẹ kó wọn wálé, kí ẹ tú u." Baba ní òótọ́ ni, ìyà kò gbọdọ̀ jẹ àwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ mẹ́rin ni baba náà fi wà lórí ọ̀kadà. Lójoojúmọ́ ló ń pe Abdulsalam láti orí òkè kan tàbí òmíràn. Mẹ́jọ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì ó di mẹ́tàdínlógún. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́ta péré ló gbà, nítorí àwọn ọdẹ wà nínú igbó, Abdulsalam kò sì lè gbé oúnjẹ mì. Gbogbo ìbọn tó bá dún níbi iṣẹ́ ló ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ìbọn sì ń dún níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń sùn lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní bedspace, yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ jọ ń háyà, béèrè bóyá ibà ń ṣe é. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, baba pè. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. "Ó ti pé," ó wí. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi fúnra mi ni mo kà á." Abúlé tó jìnnà jù ló wà, ó ní òun á sùn síbẹ̀, òun á padà sílé láàárọ̀. Abdulsalam kírun ráká méjì, ó ra ṣàwámà, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì sùn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Asiat pè é níbi iṣẹ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó. Abdulsalam jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri, nítorí pé láti inú ohùn rẹ̀ ló ti mọ̀.

Àwọn ajínigbé ló jáde sí baba létí odò, nínú ìrì àárọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé e fara pamọ́ sínú koríko, òun ló rí gbogbo rẹ̀. Baba bẹ́ sílẹ̀, ó ṣẹ́ ìbọn rẹ̀, ó tọwọ́ bọ àpò. Àpò kan ṣoṣo ló gbé lọ sí ìrìn àjò. Àtèyí tó gbà bọ̀, àtìwọ̀nba tirẹ̀ tó fi ń ṣọ́ ara, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ó ki ọ̀kan sí ìbọn. Wọ́n ń yìnbọn lù ú, ó tún wo ìdí ìbọn, kò rí nǹkan, ó ki òmíràn. Ìbọn náà fọ́ mọ́ ọn lójú. Àwọn ajínigbé pàápàá sá nígbà tí wọ́n gbọ́ bó ṣe dún. Asiat ní wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí, wọ́n á sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Abdulsalam kò lè sunkún. Odò ni baba fẹ́ da ọta yẹn sí. Òun ló ní kí ó kó wọn wálé. Bí òun kò bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá, nínú àpò ọdẹ abúlé márùn-ún ni wọn ì bá wà káàkiri, wọn kì bá tí péjọ sínú àpò bàbá òun.

Asiat ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní ikú nìkan kọ́ ló ń dun òun. Gbogbo ibi tí baba dé ló ti ṣí fìlà, tó ń bẹ àwọn ọdẹ pé kí wọ́n má bínú, òun lòun ba iṣẹ́ jẹ́, ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, òun kò mọ ẹ̀tù wọ̀n mọ́. Kò dárúkọ ẹlòmíràn. Ní báyìí, àwọn ọdẹ ti ń kó gbogbo ọta tí baba kún fún wọn padà, títí kan àwọn tó dára, wọ́n ń dà wọ́n sẹ́nu ọ̀nà ilé. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ Àmúsà ló pa Àmúsà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn," ni Asiat wí. "Àwọn àgbà ọdẹ wà níbí, mo ti fi yín sí speaker. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ọwọ́ Bàbá ti bàjẹ́? Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan fún yín?"

Abdulsalam la ẹnu. Ó ronú bí ojú àwọn àgbà náà ṣe máa rí tó bá wí i, àti ọjọ́ tí òun máa fẹsẹ̀ kan abúlé yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Òtítọ́ dé ètè rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Bàbá ti dàgbà, Asiat," ó wí. "Bàbá ti dàgbà."

Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnì kan nínú àwọn àgbà sì sọ pé òun náà ti ń fura sí i tipẹ́.