Ojú Àrínọlá Nínú Gọ́tà

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà kò fi ti ẹnikẹ́ni ṣe ní Ṣakí. Ọ̀sán Àlàmísì ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán. Kí ó tó rọ dé ìdajì, gọ́tà iwájú mọ́sálááṣí àdúgbò Ìdí-Ayin ti kún dé ẹnu, omi sì yà bàrá wọ ilé Sàrátù, opó tó ń ta èlùbọ́. Àpò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ yàrá rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ di àmàlà tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Ládòkun kò dúró kí òjò dá tán kó tó jáde nílé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé Ìdí-Ayin. Kò ju oṣù méjì lọ tí Àrínọlá ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nàró. Ní ti ojú, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ kí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ìsinsìnyí. Ó mú bírò, ó mú ìwé òfin àdúgbò, ó di ibi gọ́tà.

Òfin inú ìwé náà kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí fídàù ní Ìdí-Ayin kò gbọdọ̀ pín oúnjẹ nínú téèkì-awéè, ike àjẹjùnù, tàbí láílọ́ọ̀nù. Àlejò kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé abọ́ ọlọ́mọrí tirẹ̀ wá láti ilé. Ẹni tó bá rú u yóò kó gọ́tà ní Sátidé mẹ́ta, lójú gbogbo ayé. Ládòkun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, lọ́dún tí màlúù Fúlàní kan kú sẹ́yìn ilé ìwé tí wọ́n sì bá odidi ìdì láílọ́ọ̀nù ní ikùn rẹ̀.

Ó bá ọkùnrin márùn-ún nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì yọ ohun tó dí ihò tí gọ́tà gbà kọjá lábẹ́ títì. Bí wọ́n ti rí i, gbogbo wọn dákẹ́. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni.

“Ilé ta ni ìdọ̀tí yìí ti wá?”

Ayọ̀dèjì, wẹ́dà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Bàbá Sódìq, ẹ máa lọ sílé. Òjò ò tíì dá. A ó bójú tó o.”

“Mo ní ilé ta ni?”

“Ìdọ̀tí kì í sọ orúkọ bàbá rẹ̀, Bàbá.”

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ládòkun wá rí i pé Ayọ̀dèjì tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, kò sì fẹ́ kúrò lójú kan. Ó ní kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ayọ̀dèjì wo àwọn yòókù, wọn kò wò ó. Ó gbé e.

Láílọ́ọ̀nù funfun ni. Láàárín ẹrẹ̀ náà, Àrínọlá ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀. Gèlè pupa tó wé lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ Misturat, ọmọ wọn obìnrin, ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni Ládòkun tó wo òkìtì ẹ̀gbẹ́ gọ́tà dáadáa. Wọ́n ti da ojú gbogbo láílọ́ọ̀nù náà délẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí tirẹ̀.

Sàrátù yọ láti inú ilé pẹ̀lú korobá omi ẹrẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí ohun tí wọ́n ń wò. Ó da omi náà nù, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú láílọ́ọ̀nù náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú àwòrán. Ó ká a pẹ̀lú ojú sí inú, ó fi í sórí fèrèsé, ó sì padà wọlé lọ gbọ́n omi. Ì bá sàn fún Ládòkun kó bú òun.

Kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ní òwúrọ̀ fídàù ọjọ́ kẹjọ, Misturat ọmọ rẹ̀ obìnrin dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú páálí mẹ́fà nínú ọkọ̀. Ládòkun ló ṣí ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Ó rí téèkì-awéè, ó rí igba láílọ́ọ̀nù, ojú ìyàwó rẹ̀ lára gbogbo wọn. Misturat ṣàlàyé pé àwọn àlejò òkèèrè kò lè máa gbé abọ́ kiri, pé bí wọ́n ṣe ń yẹ́ òkú sí láyé ìsinsìnyí nìyẹn. Òfin wà lẹ́nu Ládòkun. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí kò rí ojú náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n kó wọn wọlé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé a kì í ka òfin sí ọlọ́fọ̀ létí.

Bẹ́ẹ̀ ọlọ́fọ̀ ni Sàrátù náà lọ́dún mẹ́ta ṣáájú. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló gbé téèkì-awéè wá sí fídàù ọkọ náà láti Ògbooro, kí obìnrin náà tó mọ̀. Ládòkun dé, ó ka òfin láàárín àwọn áfáà, ó ní kí wọ́n tú gbogbo ìrẹsì náà sínú agbada. Opó nínú aṣọ ọ̀fọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ike kan tẹ̀ lé èkejì, àwọn àlejò ń wò ó. Àwọn tí kò mú abọ́ dání dìde lọ láìjẹun. Ìyẹn ò tó o. Ó dúró títí Sàrátù fi jáde opó, ó rán an létí ìyà tó kù, Sàrátù sì kó gọ́tà ní Sátidé mẹ́ta.

Àrínọlá kò gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ fídàù náà. Ó ní, “Òfin yín dára, Bàbá Sódìq. Ṣùgbọ́n ojú opó lẹ fi gbálẹ̀.” Ládòkun dá a lóhùn pé òfin kì í ní ìbátan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan ilé tirẹ̀, Sàrátù wá sí fídàù Àrínọlá. Ó gbé abọ́ ọlọ́mọrí rẹ̀ dání bí òfin ti wí. Wọ́n gbé láílọ́ọ̀nù olójú Àrínọlá lé ọmọrí náà lórí. Ó wo Ládòkun. Ládòkun wo ibòmíràn.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Cornelius alága ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, wá kí i nílé. Ó bá a sọ̀rọ̀ òjò, ó bá a sọ̀rọ̀ iṣu, kó tó wá sọ ohun tó gbé e wá: kò sí ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a kì í tún ti ìka bọ ojú rẹ̀. Ládòkun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù lẹ́yìn náà ni pé ara tù ú.

Ìpàdé náà wáyé lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú, nínú kíláàsì kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ omi tó wọlé. Débọ́lá, nọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó níwájú, ní bóyá ọ̀dọ̀ àwọn ará ọjà ni ìdọ̀tí náà ti ṣàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ọjà wà tí omi kì í sì í gòkè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn ló ń fi ara wọn ṣe ààbò fún Ládòkun. Sàrátù nìkan ló dákẹ́, ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn.

“Akọ̀wé,” ni Cornelius wí, “ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ládòkun kọ déètì. Ó kọ ọ́ pé ìdọ̀tí tó dí gọ́tà wá láti, bírò sì dúró. Bó bá kọ ọ́ tán, ojú gbogbo ayé ti kúrò lára rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún dárúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ gọ́tà. Ó gbójú sókè. Sàrátù ò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ó dìde, ó ṣí fìlà.

“Irọ́ ni. Ilé mi ló ti wá. Mo rí i kí wọ́n tó pín in. Èmi tí mo kọ òfin ni mo gbà á láyè, nítorí pé ojú ìyàwó mi wà lára rẹ̀.”

Cornelius ní kó jókòó, pé a ti dárí ìyẹn jì í. Kò jókòó. Ó yíjú sẹ́yìn sí Sàrátù.

“Ìyá Samsu, mo dójú tì yín nínú ọ̀fọ̀ yín. Mo tún wá fi ìdọ̀tí mi rọ omi sílé yín. Ẹ má bínú.”

Sàrátù tún ìborùn rẹ̀ fà.

“Ní ti èlùbọ́, Bàbá, ó ti lọ, a ó tún gún òmíràn. Ìyàwó yín wá bá mi lọ́jọ́ kejì fídàù ọkọ mi. Ó kúnlẹ̀ nílẹ̀ yàrá mi, ẹni tó jù mí lọ. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé ẹ̀yin náà ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń retí yín.”

Ládòkun kò mọ̀. Àrínọlá kò sọ ọ́ fún un rí. Ó ti ṣe ìlérí lórúkọ ọkọ rẹ̀, ó dúró dè é nínú ilé kan náà, lórí àwo oúnjẹ kan náà, títí ó fi kú. Ládòkun jókòó.

Nígbà tí ẹnìkan wá dábàá pé kí wọ́n fagi lé òfin náà, Sàrátù ló ní rárá. Ó ní kó dúró, ṣùgbọ́n kí àdúgbò kó abọ́ jọ síbì kan fún àlejò òkèèrè, kí àwọn aládùúgbò sì máa fọ̀ ọ́, kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ má baà tún máa ro ti abọ́. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta rẹ̀, Ayọ̀dèjì àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ṣọ́bìrì wá bá Ládòkun nínú gọ́tà. Ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n máa lọ. Oòrùn mú. Àwọn tó ń lọ sọ́jà kí i kú iṣẹ́, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbójú sókè. Èyí tó bá jẹ́ ike àti láílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà, ó ń jù ú sínú àpò. Èyí tó bá ní ojú, kò mọ ohun tí òun lè fi í ṣe. Kò lè jó o, kò lè dà á sórí ààtàn. Ó ń ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ sórí koríko.

Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun Àìlà, mọ́kàndínlógún ló ti rí. Òmíràn ti ya débi pé ojú kan ṣoṣo àti etí gèlè ló kù. Ó wo gọ́tà náà lọ títí dé ibi tó ti yà sí ọ̀nà ọjà. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, ó ń wá ìyàwó rẹ̀.