Bébà Tí Wọ́n Fi Ń Gé Aṣọ

Dókítà Aláìlábẹ́rẹ́ ni àwọn ará àdúgbò ń pe ọmọbìnrin aránṣọ. Ó kàwé títí wọ́n fi fi dókítà síwájú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò lè wo ẹ̀fọ́rí lásán sàn. Ìyá rẹ̀ ló ni abẹ́rẹ́ inú ilé, abẹ́rẹ́ náà ló sì fi tọ́ ọ dé ìdí ìwé.

Iṣẹ́ tí Dókítà rí ní yunifásítì, ọdún kan ọdún kan ni. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, wọn á ní kó máa retí lẹ́tà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn tíṣà tí iṣẹ́ wọn ti fìdí múlẹ̀, pákó ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tirẹ̀, bébà ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, etí rẹ̀ sì ti ká sókè.

Lọ́dún kẹta, ilé ẹ̀kọ́ girama kan kọ̀wé sí i pé kó wá ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, kó fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wọn, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

Ọ̀gá ní, "Àbúrò mi, ṣé wàá sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin torí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́? Àyè kan ń bọ̀, iṣẹ́ gidi. Ta la tún fẹ́ fún? Àmọ́ ìgbìmọ̀ á fẹ́ rí iṣẹ́ ẹ. Kọ gbogbo ohun tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kó o kó o fún akọ̀wé."

Nígbà tó délé, tó ròyìn ohun tí ọ̀gá sọ, ìyá ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Ṣé ó kọ ọ́ síwèé pé òun á fún ẹ níṣẹ́?"

"Ẹnu ló fi sọ ọ́, Màmá."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́." Ìyá nawọ́ sí àwọn bébà àpẹẹrẹ tó fi ń gé aṣọ, tó so rọ̀ lára ìṣó. "Gbogbo ayé ni mò ń ránṣọ fún. Ta lo rí tí mo fún ní bébà yìí rí?"

"Yunifásítì kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, Màmá."

"Mo gbọ́. Èmi tí mi ò kàwé."

Dókítà kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ girama pé òun ò wá mọ́. Oṣù méjì ló fi kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sì fi nǹkan kan pamọ́, títí kan àwàdà tó máa ń ṣe. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú wọn lójú. Da omi sórí kànrìnkàn níwájú wọn, wọ́n á rí bí ilẹ̀ ṣe ń mumi."

Akọ̀wé gbà á, ó ní iṣẹ́ yìí mọ́ tónítóní. Lẹ́tà dé lẹ́yìn ìsinmi: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún rẹ̀ ti pé, iṣẹ́ ti parí.

Nígbà tó lọ kó ẹrù, ojú gọ́ọ̀mù nìkan ló kù lára ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ẹ̀rín nínú kíláàsì rẹ̀, ó yọjú. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń da omi sórí kànrìnkàn. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn tirẹ̀ ti máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọkùnrin náà sáré bá a.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé tí wọ́n fún mi, àbí? Ẹ ṣeun mà, afọ́jú ò lè ṣìnà nínú ẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n fún mi o, àmọ́ ọ̀gá ní àyè kan ń bọ̀. Wọ́n ní kí n kọ tèmi kún un."

Dókítà fẹ́ sọ fún un pé bí wọ́n ṣe sọ fún òun náà nìyẹn. Ó wo ojú ọ̀dọ́kùnrin náà bó ṣe ń dán. Ojú tirẹ̀ gan-an nìyẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

"Ẹ máa fún kànrìnkàn yẹn dáadáa," ló sọ. "Bó bá ti tutù tẹ́lẹ̀, kì í mumi mọ́."

Ìyá rí páálí ẹrù lórí rẹ̀ láti òkèèrè. Kò sọ pé ṣebí òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ó sún aṣọ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá ibẹ̀ kó jókòó.

"Ilé ẹ̀kọ́ girama yẹn ńkọ́?"

"Mo yà níbẹ̀. Wọ́n ti rí ẹlòmíì."

Ìyá na ẹ̀wù kan sí i, pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́fà àti abẹ́rẹ́.