Ẹ̀rọ Omi Màmá Òkè

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, aránṣọ ìsàlẹ̀ ṣì wà láyé, òun tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé á gbọ́. Onílé ṣì wà láyé, tòun ti ikọ́ rẹ̀. Ẹnjinníà tó ń gbé ní òpópónà kejì náà ṣì wà láyé, ara rẹ̀ le koko, àtẹ̀gùn méjìméjì ló ń fò bí ọmọ ogún ọdún. Ọkọ Màmá Òkè nìkan ló ti lọ, ọdún kẹrin nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ nínú tẹlifóònù.

Àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ ní Màmá Òkè, nítorí àjà kẹta, lókè téńté, ló ń gbé. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Lọ́jọ́ tó gùn ún kẹ́yìn ló kà á, nígbà tó ń sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, orúnkún kò jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Omi ẹ̀rọ kì í gòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú àgbàlá ni ẹnu ẹ̀rọ wà, àwọn ọmọdé ló sì ń bá a pọn ọ́n. Bí wọ́n bá ti gbé garawa dókè láàárọ̀, wọn á jókòó sórí ẹní, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹni tó gba bọ́ọ̀lù ẹlòmíì. Ẹni tó tọ̀ sórí ibùsùn tó ní òjò ló rọ̀. Màmá Òkè á dájọ́, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ tán, ilé á pa lọ́lọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹnjinníà yìí, afárá ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kàn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò lè jókòó kí òun máa wo ògiri. Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ó máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sínú àgbàlá, pẹ̀lú pákó, ayùn, téèpù ìwọ̀n àti ìṣó tó ti wọ́. Kò fún wọn níwèé. Nǹkan tí ẹnìkan máa lò ló ń ní kí wọ́n kàn. Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn: kí wọ́n tó fọwọ́ kan ayùn, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi ẹni tó máa lo nǹkan náà pé kí ló ń dà á láàmú.

Lọ́dún náà, ó kan Màmá Òkè. Ọmọ mẹ́fà tò síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló di bírò mú.

"Màmá, kí ló ń dà yín láàmú jù nínú ilé yìí?"

Ó wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni àgbàlagbà ṣe máa sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé dídákẹ́ tí ilé ń dákẹ́ ni? Ó ní, "Omi ni, ọmọ mi. Àánú yín ń ṣe mí lórí àtẹ̀gùn yìí."

Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀: omi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kan ẹ̀rọ tó máa fi okùn fa garawa gòkè. Wọ́n wọn fèrèsé, wọ́n wọn bákónì, wọ́n tún wọn apá Màmá Òkè fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó garawa. Ẹnjinníà kì í sọ ìdáhùn fún wọn. Nígbà tí pákó àkọ́kọ́ tẹ̀ bí ọrùn ẹni tó ń tòògbé, ó kàn béèrè pé, "Kí ló dé tó fi tẹ̀?" Wọ́n jiyàn títí kí wọ́n tó rí i pé ó yẹ kí wọ́n fi pákó mìíràn tì í lábẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni garawa já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, orí aránṣọ ló da omi lé.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí, ńṣe là ń dán an wò!"

"Ẹ lọ fi orí Ẹnjinníà yín dán an wò!"

Lókè, Màmá Òkè di ìhà mú, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Okùn gba inú púlì, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí lórí pákó, ọmọ kan péré fà á nísàlẹ̀, garawa sì gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ta ẹ̀kán kan sílẹ̀. Màmá Òkè súre fún wọn títí ohùn rẹ̀ fi há.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ́ ẹní, ó jókòó dè wọ́n. Garawa dé. Ohùn Lọ́yà dún láti ìsàlẹ̀: "Màmá, ẹ gbà á o! Ó dàbọ̀ o!" Ó gbọ́ bàtà wọn tó ń sá lọ nínú àgbàlá. Kò sẹ́ni tó gòkè.

Ó fara dà á fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejìlá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó mú sípánà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó bọ́ sí bákónì, ó tú nọ́ọ̀tì tó di púlì mú, ó jù ú sápò. Púlì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá pariwo:

"Ẹ̀yin ọmọ! Nǹkan yín ti bàjẹ́ o!"

Kó tó ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ ti ń dún gìrìgìrì lórí àtẹ̀gùn. Ilé kún. Ọ̀kan ní afẹ́fẹ́ ló ṣe é, ọ̀kan ní ẹyẹ ni.

"Ẹyẹ wo ló ń lo sípánà?" Lọ́yà bi í.

Màmá Òkè gbójú síbòmíràn.

Ẹnjinníà dé. Ó fọwọ́ pa bóòtù náà lára, ó wò ó pẹ́. Kò wo Màmá Òkè rárá.

"Àṣìṣe tèmi ni," ó sọ fún àwọn ọmọ. "Bí a bá kan afárá tán, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa gùn ún lọ wò ó. Mi ò sọ ìyẹn fún yín. Láti òní lọ, lójoojúmọ́ ni ẹnìkan máa gòkè wá wo nọ́ọ̀tì yìí, kó sì jókòó tì í, bóyá á tún tú."

"Ká jókòó tó ìgbà wo, Tíṣà?"

"Títí Màmá fi máa ní kẹ́ ẹ máa lọ."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì pín ọjọ́ sára ògiri bákónì. Ọmọ mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́fà. Sátidé ṣẹ́kù, ó ní tòun nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó nawọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀tì mi dà?"

Ojú ti Màmá Òkè bíi kí ilẹ̀ lanu kó wọlé. Ó yọ ọ́ fún un. "Má bínú, ọmọ mi."

"Àwọn ọmọ bi yín léèrè, ẹ parọ́ fún wọn. Kí lẹ wá fẹ́ kí wọ́n kàn?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín. Ó fìdí lé àga, kò sì tètè lọ.

Ọdún ń yí lu ọdún. Ọmọ tó ni ọjọ́ Ajé lọ sí iléèwé gíga. Ọmọ tó ni Ọjọ́rú bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ. Lọ́yà náà lọ, òun gan-an ló wá di ẹni tó ń kan afárá, lọ́nà jíjìn. Aránṣọ kú, onílé kú, ọmọ onílé sì fa omi ẹ̀rọ wọ gbogbo àjà. Garawa gbẹ, okùn rà.

Síbẹ̀, ní gbogbo Sátidé, Ẹnjinníà ń gòkè wá di nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ tí kò gbé omi mọ́. Kò fò méjìméjì mọ́. Màmá Òkè á gbọ́ bó ṣe ń dúró mí ní àjà kìíní, lẹ́yìn náà ní àjà kejì.

"Màmá, ṣé àtẹ̀gùn yìí ń ga sí i ni?"

"Ìwọ lò ń kúrú sí i, ọmọ mi. Jókòó."

Wọn á jókòó. Nígbà mìíràn, wọn ò ní sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ.

Sátidé kan wá dé, oòrùn kan àtàrí, Ẹnjinníà kò dé. Nígbà tó pẹ́, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Ọmọ Ẹnjinníà ni, obìnrin, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, bàbá mi sùn lánàá, wọn ò jí. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn níṣẹ́ níbí ní Sátidé. Mo ní kí n wá sọ fún yín."

Màmá Òkè kò sunkún. Ó ní kó máa lọ, òun ń bọ̀. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó sì ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó dé ilé Ẹnjinníà, tí kò ju òpópónà kejì lọ.

Èrò kún ibẹ̀. Yàtọ̀ sí ọmọ Ẹnjinníà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan bi í pé, "Mà, ẹ̀yin ta ni?" Màmá Òkè fa àga sún mọ́ ibùsùn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó jókòó. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń rọra yà fún àga rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ.